Abẹ́rẹ́ Wọ Àgọ́ Onígàrí

Iná ni mo fi gbogbo ayé mi jókòó tì. Bí ẹ bá rí obìnrin tí irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ti jóná, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ọ̀mùtí, bẹ́ẹ̀ ni kò mu ọtí, tí apá ọ̀tún rẹ̀ sì tóbi ju tòsì lọ, ẹ má wulẹ̀ bi í ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Gàrí ló ń yan. Èmi nìyẹn. Ìyá Délé ni wọ́n ń pè mí, ní ọ̀nà tó gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìjagun. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Nígbà tí mo dé kíláàsì kẹta, bàbá mi ní obìnrin tó bá ti lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ti gbọ́n ju ọkọ tí yóò fẹ́ ẹ lọ, ó sì mú mi kúrò. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àṣìkọ níbí, bàbá mi ni kẹ́ ẹ bá wí.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ńlá tó wà ní Ìjagun lẹ fa ìwé kíkọ yìí. Ẹ óò wá ra gàrí, ẹ óò jókòó lórí àpótí mi, ẹ óò máa ṣàròyé pé ẹ ò mọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe. Ọ̀kan ní òun fẹ́ ṣe tíṣà, èkejì ní tíṣà ò rówó gbà, ẹ̀kẹta ní Èkó lòun ń lọ, bí ẹni pé Èkó jẹ́ iṣẹ́. Ẹ wá ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé gàrí ni tiyín?" Mi ò mọ̀ o. Ta ló bi mí? Ìyá mi ló mú mi lọ bá obìnrin kan tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Ìmùṣin, torí pé ìlú tí wọ́n ti bí i nìyẹn. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n mu omi, ìyá mi bọ́ sọ́nà, ó fi mí síbẹ̀. Ti owó tí mo ń gbà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Kò tó ohun tí à ń fi ìwé sọ.

Nínú ìtàn yìí, n óò máa pe Ìyá Ìmùṣin ní "ó", kó má baà rú yín lójú. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo pè é títí ó fi kú, orí ìkúnlẹ̀ ni mo sì ti ń pè é. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, gíga, kò nà mí rí. Ó sàn kó nà mí. Ọdún àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan agbada. Ẹ̀gẹ́ ni mò ń bó láti àárọ̀. Bí èèpo tí mo bó bá nípọn jù, yóò mú un nílẹ̀, yóò gbé e síwájú gbogbo èèyàn, yóò ní, "Délé, ṣé ewúrẹ́ ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ ni?" Mi ò tíì bí Délé nígbà náà, orúkọ tèmi ló pè. Ẹ sáà ti mọ ohun tí mò ń sọ.

Nígbà tí ó wá jẹ́ kí n jókòó sídìí agbada, ó fi àjákù igbá lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ọwọ́ ò gbọdọ̀ dúró. Bí kòkòrò bá ta ọ́, ọwọ́ ò gbọdọ̀ dúró. Bí ọkọ ìyá rẹ bá kú, ọwọ́ ò gbọdọ̀ dúró. Gàrí ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀fọ̀ àti ọ̀lẹ." Bí mo bá yan tán, yóò bu ìkúnwọ́ kan, yóò fọwọ́ ra á létí bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí. Ó gbọ́dọ̀ dún bí iyanrìn. Lẹ́yìn náà ni yóò da omi tútù sí i, yóò fi ẹnu kàn án. Bí ojú rẹ̀ kò bá fún pọ̀, gbogbo rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, fún àwọn oníbàárà tí kò mọ nǹkan. Ó ní gàrí Ìjẹ̀bú tí kò kan ni wọ́n ń pè ní ìyẹ̀fun.

Kíkan yìí ló gba sùúrù, ẹ fi etí sí i, torí òun ni ọ̀rọ̀ tí mò ń bọ̀ wá sọ dúró lé. Ẹ̀gẹ́ tí a bá rin lónìí kì í rí iná lónìí. Inú àpò ló ń wọ̀, lábẹ́ ẹrù wíwúwo, yóò máa sun omi kíkan fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, àgọ́ tí a ti ń yan tutù, a kì í dáná. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kan tó, ó di dandan. Ọjọ́ yẹn la ó jọ̀ ọ́, ọjọ́ yẹn la ó yan án. Bí a bá fi í sílẹ̀ kọjá àkókò rẹ̀, á di ohun tí ajá kò ní í fẹnu kàn.

Nínú gbogbo òfin Ìyá Ìmùṣin, ọ̀kan ló le jù. Bí ara ọmọ kékeré kan bá gbóná nínú àgọ́, iná gbọ́dọ̀ kú. Kì í ṣe ti ìyá ọmọ nìkan o, gbogbo àdògán tí a gbé agbada lé, pátá. Ìyá ọmọ á gbé ọmọ rẹ̀ relé, kò sì ní í padà títí ara ọmọ yóò fi tutù. Àwa tó kù á jókòó bí adìyẹ tí òjò pa, iná kò sì ní í tún jó kó tó padà. Nígbà tí Ìyá Ìmùṣin ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nílé ọkọ, ṣọ̀pọ̀ná jà ní ìlú wọn. Àwọn àgbà ní ooru ni àrùn náà fẹ́ràn, pé ẹni tó bá ń yan nǹkan nínú ilé tí ó wọ̀ ń fún un ní àga ni. Ọmọ rẹ̀ méjì ló bá a lọ. Iná ń jó nínú ilé lọ́jọ́ náà. Kò sọ ju ìyẹn lọ fún wa, a kò sì bi í.

Mo máa ń fi òfin náà rẹ́rìn-ín níkọ̀kọ̀. Ṣé iná ló ń bí àrùn ni? Ṣùgbọ́n bí mo ti ń dàgbà, mo rí i pé ọmọ tó ń ṣàìsàn ń lọ sílé, kò dúró láàárín àwọn ọmọ yòókù. Ọgbọ́n wà nínú òfin náà. Ẹ̀rù ló kàn wọ aṣọ fún un.

Ọ̀rọ̀ irinṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́. Páànù tí a fi ìṣó lu ni a fi ń rin ẹ̀gẹ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Awọ ìka wa wà nínú gàrí tí àwọn òbí yín mu dàgbà. Ẹ bá mi kí wọn. Òkúta ni a fi ń tẹ àpò. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì dé, tó ń ké bí ẹni tí wọ́n gbé ìyàwó rẹ̀ lọ. Ìyá Ìmùṣin ní ẹ̀gẹ́ tí irin bá rin yóò máa rùn bí irin. Ó ta kú títí. Ọjọ́ tí ó wá gbà, ó ní òun kò gbà o, ọwọ́ ló ń dun òun. Lẹ́yìn ìyẹn ni jáàkì dé, èyí tí àwọn mẹkáníìkì fi ń gbé mọ́tò, tí a fi ń tẹ àpò dípò òkúta. Ti ìyẹn, kò tilẹ̀ jà. Ó ní, "Ẹ gbé e wá. Mo ti dàgbà jù láti máa bá gbogbo nǹkan ṣọ̀tá."

Ìgbà tí mo fẹ́ sọ yìí, lẹ́yìn 1980 ni, nígbà tí àwọn sójà gbàjọba, tí ìrẹsì di oúnjẹ ọdún. Àwọn tó ń fi gàrí wa ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń tò sẹ́nu ọ̀nà àgọ́. Mo ti ní àdògán tèmi nínú àgọ́ Ìyá Ìmùṣin nígbà náà. Àwa obìnrin tí a wà níbẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu wa pọ̀. Èyí tí ẹnu rẹ̀ pọ̀ jù ni Ìyá Fọlá, tó ní ọmọkùnrin kékeré kan, Ṣẹ́gun. Èyí tí kì í sọ̀rọ̀ rárá ni Ṣadé. Ọmọ tirẹ̀ ń jẹ́ Málọmọ́. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, orúkọ yẹn ti ròyìn ara rẹ̀: àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò dúró.

Lọ́jọ́ kan, iná ń jó, èéfín bo gbogbo wa, nọ́ọ̀sì kan yọ sí wa pẹ̀lú kúlà lọ́wọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni, ọmọ ọlọ́yàyà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin màmá wa. Ẹ kú èéfín."

"Kí lẹ gbé sínú kúlà?" ni Ìyá Fọlá bi í. "Ṣé mínírà ni? Ẹ fún mi ní èyí tó tutù."

"Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, màmá. Àrùn èèyi tó ń yọ pupa sí ọmọ lára ń bọ̀ lọ́nà, ó ti wà ní àwọn abúlé kan. A fẹ́ gún àwọn ọmọ wa kó tó dé."

"Èló ni?"

"Ọ̀fẹ́ ni."

Ìyá Fọlá gbé àjákù igbá rẹ̀ sílẹ̀. "Ìjọba tí kò fún mi ní omi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́ ló fẹ́ fún mi ní abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́? Nọ́ọ̀sì, Ìjẹ̀bú ni mí o. Ohun ọ̀fẹ́ máa ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n tiẹ̀ ní ọmọ tó bá gbà á kò ní í bímọ mọ́ láyé."

"Irọ́ ni wọ́n pa, màmá. Èmi náà gbà á, ọmọ mẹ́ta ni mo bí."

"Ó dáa, kí ló dé tí kò jẹ́ mẹ́fà?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìmùṣin nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ọmọbìnrin náà súnmọ́ òun.

"Bí o bá gún ọmọ, ṣé ara rẹ̀ á gbóná?"

Nọ́ọ̀sì náà ìbá purọ́. Kò purọ́. "Ó lè gbóná díẹ̀, ìyá. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná."

"Òwe rẹ dáa," ni Ìyá Ìmùṣin wí. "Ṣùgbọ́n nínú àgọ́ mi, ara ọmọ tó bá gbóná, iná mi ló ń kú. O sì rí i pé iná ń jó. Gbé kúlà rẹ, ọmọ mi. Ẹni tó bá fẹ́ gba abẹ́rẹ́, kó kọ́kọ́ gbé agbada rẹ̀ kúrò níbí."

Ẹ̀yin tó kàwé, ẹ máa ń rò pé àìmọ̀kan ló ń jẹ́ kí èèyàn sá fún abẹ́rẹ́. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nínú àgọ́ tiwa, ẹ̀gẹ́ ni. Ẹ̀gẹ́ tó ti kan kò lè dúró de ìbà ọmọ ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ pé nítorí gàrí ni òun kò ṣe gún ọmọ òun, nítorí náà a gba ọ̀rọ̀ Ìyá Fọlá mú, a ní kò ní í jẹ́ kí ọmọ bímọ. Ẹ̀rù rọrùn láti sọ lẹ́nu ju èrè lọ.

Èmi? Àwọn ọmọ tèmi ti ṣe èèyi tán, wọ́n ti yè é, wọ́n ti ń bá mi jiyàn. Ó rọrùn fún mi láti máa dá sí i.

Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé pé ọmọ ń kú ní abúlé báyìí, ní abúlé báyìí. Ní ọjọ́ tí àgọ́ tutù, Ṣadé bá mi níbi tí mo ti ń bó ẹ̀gẹ́. Málọmọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fa etí rẹ̀.

"Ìyá Délé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá gbé e lọ gún, tó bá kú, ọwọ́ mi ni mo fi pa á."

"Bí o kò bá gbé e lọ tó wá kú ńkọ́?"

Ó gba ọwọ́ ọmọ kúrò létí rẹ̀. "Ìyẹn, wọ́n á ní bí ó ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn."

Mo ní ẹ̀rín fún gbogbo nǹkan láyé. Mo wá ẹ̀rín fún ìyẹn, mi ò rí. Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Obìnrin yìí ti sin ọmọ tó bẹ́ẹ̀ tí ikú ọmọ rẹ̀ kò fi ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kí ó lọ́wọ́ sí i.

"Àdògán rẹ ńkọ́?" ni mo bi í.

"Bí Ìyá Ìmùṣin bá lé mi, kí ni mo fẹ́ jẹ? Ọkọ mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́."

Mo bá ronú bí oníṣòwò. Ara á gbóná díẹ̀, nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó dáa. Àgọ́ máa ń tutù nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá wà nínú àpò. Bí a bá gún ọmọ lọ́jọ́ tí a di àpò, kí ọjọ́ yíyan tó pé, ooru náà á ti lọ, kò sí iná tí yóò kú, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Mo rò pé mo gbọ́n. Ṣadé náà rò pé mo gbọ́n. Bí wọ́n ti tú omi ẹ̀gẹ́ àkọ́kọ́ dànù, a ti wà ní ilé ìwòsàn, láàárín àwọn ọmọ tó ń ké bí ẹni pé wọ́n ń ta wọ́n. Nọ́ọ̀sì wa gún Málọmọ́, ó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Igbe ọmọ nìkan la gbọ́.

Ara Málọmọ́ kò gbóná. Ọjọ́ yíyan pé, ara rẹ̀ tutù bí ìgbín, ó ń rákò káàkiri, ó ń bu gàrí gbígbóná, ó ń ju ú sílẹ̀. Èmi àti Ṣadé ń wo ara wa, à ń rẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ ti ń ronú ẹni tí n óò tún mú lọ.

Ọjọ́ yíyan tó tẹ̀lé e ni. Àpò pọ̀ lọ́jọ́ náà, oníbàárà ti ń dúró. Gbogbo àdògán ń jó. Málọmọ́ ń ráùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, Ìyá Fọlá sì nawọ́ gbé e. Ẹ má rò pé ènìyàn burúkú ni Ìyá Fọlá. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn ọmọ yẹn bí i. Ó gbé e sáyà, ó sì figbe ta.

"Yéè! Ara ọmọ yìí ń jó!"

Ó ká ẹ̀wù ọmọ náà sókè. Nǹkan wínníwínní pupa ti yọ sí i láyà.

"Ṣadé, kí lo fún un?"

Ṣadé kò lè purọ́. Ìgbà tó la ẹnu, abẹ́rẹ́ ló jáde. Ooru abẹ́rẹ́ èèyi kì í tètè dé. Ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un kí ara tó gbóná díẹ̀, kí nǹkan sì yọ sí àwọn mìíràn lára. Gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì ń sọ nígbà tí à ń gbọ́ igbe ọmọ nìyẹn.

"Háà, Ṣadé!" ni Ìyá Fọlá wí. "O lọ gba àrùn lọ́fẹ̀ẹ́, o wá ń pín in fún wa!"

Ìyá Ìmùṣin dìde. Ó wo ọmọ náà, ó wo àwọn àpò. "Ẹ pa iná," ló wí.

A da omi sí i. Àgọ́ kún fún eérú àti ooru omi, a kò rí ara wa. Nígbà tí èéfín náà túká, Ṣadé ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Ìyá Fọlá àti àwọn yòókù kò jókòó dúró bí ti àtẹ̀yìnwá. Wọ́n ní ti ìbà lásán ni àwọn mọ̀, àwọn kò mọ ti àrùn tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbìn. Wọ́n gbé ẹ̀gẹ́ wọn rù, wọ́n pọn ọmọ wọn, wọ́n lọ sí àgọ́ kan ní òdìkejì ìlú, níbi tí iná kì í kú nítorí ẹnikẹ́ni.

Ó ku èmi àti Ìyá Ìmùṣin pẹ̀lú àpò tó ń ṣomi.

"Ìwọ lo mú un lọ," ló wí, kò wò mí.

"Èmi ni, ìyá."

"Mo mọ̀. Ṣadé kò lè dá irú ọgbọ́n burúkú bẹ́ẹ̀ dá."

"Ṣé ẹ ó lé mi ni?"

"Bí mo bá lé ọ, ta ni yóò bá mi da ẹ̀gẹ́ yìí nù?"

A dà á nù lóòótọ́. Gbogbo rẹ̀. Ìyá Ìmùṣin tó máa ń bínú sí èèpo tó nípọn, mo rí i tó ń ti àpò sínú kòtò pẹ̀lú ẹsẹ̀. Òórùn náà gba àdúgbò. Ẹlẹ́dẹ̀ kan tí ìjọ tó wà nítòsí ń sìn wá, ó fi imú kàn án, ó padà sílé. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún, tàbí mo sunkún títí mo fi rẹ́rìn-ín.

Mò ń lọ sọ́dọ̀ Ṣadé ní àràárọ̀. Ilẹ̀ ló jókòó sí, ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wo bí ikùn rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ẹmu wá láti fi pa ọmọ náà lára, bí wọ́n ti ń ṣe fún èèyi. Ṣadé gbà á, ó dúpẹ́, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo mọ ohun tó ń rò: ọwọ́ mi, ọwọ́ ara mi. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mu ẹ̀kọ. Ọjọ́ tó tẹ̀lé e, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń bá a jà: "Fi etí mi sílẹ̀! Mo ní kó o fi etí mi sílẹ̀!" Mo jókòó sórí òkúta ìta, mi ò wọlé.

Ní àgọ́ òdìkejì ìlú, ọmọ kan wà tó ń ṣe èèyi gan-an, èyí tó ń pani. Ìyá rẹ̀ tẹ́ aṣọ fún un sẹ́yìn àwọn àpò, ó fi aṣọ mìíràn bò ó, kí wọ́n má baà lé e jáde, kí oníbàárà má baà sá. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti tutù díẹ̀. Ibẹ̀ ni Ìyá Fọlá tẹ́ Ṣẹ́gun sí kó sùn. Wọ́n sá fún ooru tí wọ́n fojú rí, wọ́n lọ sùn ti ooru tí wọ́n fi aṣọ bò. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹrẹ rẹ̀ kì í jẹ́ ká sùn.

Ojú Ṣẹ́gun pọ́n, ó ń húkọ́, ẹnu rẹ̀ bó. Mi ò ní í kọ ìyókù. Ẹni tó ti rí i rí kò nílò kí n sọ ọ́, ẹni tí kò rí i rí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rí i. A sin ín lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Oyún wà nínú ìyá rẹ̀.

Àwọn obìnrin wa padà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò gbé ojú sókè. Ìyá Ìmùṣin kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó rán mi sí nọ́ọ̀sì. "Sọ fún un pé kó wá lọ́jọ́ tó bá wù ú, iná ìbáà máa jó. Kó kàn sọ fún mi ọjọ́ tí ooru náà á dé. Tèmi ni iná, èmi ni mo sì ń pa á." Wọ́n wá, wọ́n gún gbogbo ọmọ tó kù. Ọmọ kan gbóná, a pa iná. Òmíràn gbóná, a pa iná. Ẹ̀gẹ́ tó bàjẹ́, gbogbo wa la jọ pín àdánù rẹ̀, ẹni tí kò bímọ pẹ̀lú. Wọ́n kùn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́; Ìjẹ̀bú ni wá.

Ìyá Fọlá ló pẹ́ kó tó padà. Láti ọjọ́ tí ó ti dé, Ṣadé kò gbé Málọmọ́ wá mọ́. Ó ń fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ó tọ́. Báwo lèèyàn ṣe máa gbé ọmọ tó yè lọ síwájú ẹni tí tirẹ̀ kú? A kò rẹ́rìn-ín, a kò dá orin, bí ọmọ bá kọjá níta, a ó wo ilẹ̀. Ọjọ́ kan, Ìyá Fọlá ju àjákù igbá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ dúró. Gàrí ń jóná.

"Níbo lẹ gbé ọmọ yẹn pamọ́ sí?"

Ó yíjú sí Ṣadé.

"Ṣadé, mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Níbo ni Málọmọ́ wà? Ṣé èmi ni àrùn náà ni?"

Lọ́jọ́ kejì, Ṣadé pọn ọmọ náà wá. Ìyá Fọlá fúnra rẹ̀ gbà á lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó ń fún un ní gàrí jẹ. Ọmọ náà bu ú, ó jù ú sílẹ̀.

Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí, èjìká mi ló ní kí n fi í sílẹ̀. Ìyá Ìmùṣin ti lọ, àgọ́ ti di ti ẹlòmíràn, àwọn tó wà níbẹ̀ ń fi agbada irin ńlá yan, èéfín wọn ń gba ẹ̀yìn jáde. Ẹ bi mí bóyá kí ẹ ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin ọmọ tí ìka yín rọ̀ yìí? Kò burú, ẹ gbìyànjú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yan iṣẹ́ kan, tíṣà ni o, nọ́ọ̀sì ni o, ẹ wo àwọn tí ẹ óò jọ máa ṣe é. Bí wàhálà bá dé bá ọmọ yín, ṣé wọ́n lè fi èrè ọjọ́ kan sílẹ̀? Ibi tí wọ́n bá ti lè ṣe é, ẹ jókòó síbẹ̀, ìbáà jẹ́ ìdí iná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Rẹ̀mílẹ́kún, kí n lọ sinmi. Òun ni ọmọ tí Ìyá Fọlá bí lẹ́yìn Ṣẹ́gun. Nígbà tí ó tó gbígún fún èèyi, Ìyá Fọlá gbé e fún mi. Ó ní, "Ìyá Délé, ẹ bá mi gbé e lọ. Mi ò lè wo ojú abẹ́rẹ́ náà." Mo gbé e lọ. Ọmọ náà gé mi jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo wa ń retí ọjọ́ tí ooru á dé, bí ẹni tó ń retí àlejò tí kò ní í pẹ́.

Ìtòsí ọdún Iléyá ló bọ́ sí, àárọ̀ ọjọ́ yíyan tó tóbi jù lọ́dún náà. Ọkọ̀ àwọn oníbàárà Èkó ti dúró níta. Gbogbo àdògán ń jó, gàrí ń dún nínú agbada. Mo gbójú sókè, mo rí Ìyá Fọlá lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Kò wọlé. Ó fi ọwọ́ kan di òpó mú.

"Ó ti dé o," ló wí. "Ara rẹ̀ ti gbóná."

Ó ń wo àwọn àpò wa. Gbogbo àpò yẹn.

Kí Ìyá Ìmùṣin tó la ẹnu, Ṣadé ti dìde, ó da omi sí àdògán tirẹ̀. Èmi da tèmi. Àwọn tó kù tẹ̀lé e, títí iná tó kẹ́yìn fi kú. Kò sẹ́ni tó kùn. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ Èkó yọ orí wọlé, ó ń fi ọwọ́ lé èéfín, ó béèrè kí ló dé, ṣé ẹnìkan kú ni.

"Kò sẹ́ni tó kú," ni Ìyá Ìmùṣin dá a lóhùn. "Ara ọmọ wa ló gbóná díẹ̀. Ẹ máa lọ, ẹ padà wá."